Orí Kò Sí Lórí Ẹ̀ka

Lókè ṣọ́ọ̀bù fótòkọ́pì kan ní Òkè-Fìà ni mo jókòó sí,
gbogbo Òṣogbo ṣókùnkùn, jẹnẹrétọ̀ ará ìsàlẹ̀ ti kú,
bátìrì ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá.
Ìyá Ràfátù ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta:
“Ọmọ mi, owó mi ti pọ̀ jù.
Kò dín o. Ó lé.
Ẹ wá kó o kúrò nínú ìwé mi kí wọ́n tó pè mí lólè.”

Igi kan la gbìn lóṣù Ẹrẹ́nà,
ètò alájẹṣẹ́kù àwọn aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Oyèwùsì ya ẹ̀ka, ó ní òun ó ṣírò èlé.
Mùíbátù ya ẹ̀ka, ó ní òun ó tún ojú-ìwé ṣe.
Èmi náà ya tèmi, n kò sọ fẹ́nìkan.
Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni.

Ìjà tó hàn kì í pa ni.
Bí ìlà méjì bá kọlura, Gíìtì á pariwo,
á to ọfà méje tó kọjú sósì,
ọfà méje tó kọjú sọ́tùn-ún,
àmì ìdọ́gba méje láàárín bí ààlà oko:
tìrẹ nìyí, tẹnìkejì nìyí, yan ọ̀kan.
Ṣùgbọ́n ìdàpọ̀ ọjọ́ Àlàmísì yẹn dákẹ́.
Kò sọfà, kò sí ààlà.
A pàtẹ́wọ́, a lọ jẹ àkàrà ní Ọlá-Ìyá,
bẹ́ẹ̀ èlé kan ti gba iwájú wọlé,
èlé kejì gba ẹ̀yìnkùlé,
àwọn méjèèjì jókòó nínú àpótí obìnrin kan,
wọn ò mọra.

Mo dá ìtàn sí méjì.
Ohun tí a ti fi pamọ́ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n.
Ìkẹrìndínlógún: owó Ìyá Ràfátù pé.
Ìkẹrìnlélógún: ó ti lé. Mo padà sẹ́yìn,
bí ẹni ń wá ibi tí páìpù omi ti ń jò,
kan ibí, kan ọ̀hún, fetí sílẹ̀.
Ogún, ó pé.
Méjìlélógún, ó lé.
Kọkànlélógún, ó lé.
Ìdàpọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni,
ọmọ tó ní bàbá méjì.
Mo tọ bàbá kìn-ín-ní lọ: Oyèwùsì, èlé rẹ̀ gún régé.
Mo ti to èébú sẹ́nu de bàbá kejì.
Orúkọ mi ló wà níbẹ̀,
ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo méjìlá òru ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá,
àkọlé rẹ̀: “àtúnṣe kékeré”.

Mo yọ èlé tèmi lójú ẹsẹ̀. Mo fi pamọ́.
Mo padà sórí ẹ̀ka àgbà,
iṣẹ́ tí mo ṣe kò sí níbẹ̀.
Ẹ̀rọ ti kìlọ̀ fún mi, n kò kà á:
orí rẹ kò sí lórí ẹ̀ka kankan.
Bí màmá mi àgbà ní Òkè-Baálẹ̀ bá gbọ́ irú gbólóhùn yìí,
á bèèrè ẹni tó ṣépè fọ́mọ òun.

Bátìrì ku díẹ̀. Mo mí kanlẹ̀.
Ẹ̀rọ a máa kọ gbogbo ibi tí orí bá dé sílẹ̀,
àní ibi tí ẹsẹ̀ ti gbàgbé.
Mo ka ìwé ìrìn orí sẹ́yìn, ìlà kan, ìlà méjì,
òun nìyí, kò lẹ́ka, kò lórúkọ,
àfi lẹ́tà àti nọ́ńbà méje tí kò nítumọ̀.
Mo ya ẹ̀ka fún un, mo pè é ní Ràfátù,
mo fà á wá sílé kí iná tó kú.

Mo kọ ọ́ sí Oyèwùsì àti Mùíbátù: “Èmi ni.”
Oyèwùsì fèsì láàárọ̀: “A mọ̀.”

Ìyá Ràfátù fi ìka tí aró ti rẹ dúdú kàn án lórí fóònù,
ó kà á, ó tún un kà.
“Ó pé,” ló wí.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Ẹ ò sì yọ tèmi gan-an mọ́ ọn, àbí?”